Owó ilé tí ìjọba fi kún, tí kò dé ọwọ́ mi: ẹ sọ tiyín náà

Ìyá Ìbejì, Peckham

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ẹ bá mi wò ó, àbí èmi nìkan lọ̀rọ̀ yìí ò yé?

Yàrá méjì la wà, èmi àtàwọn ìbejì, lókè ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan. 1,650 pọ́n-ùn lóṣù. Iṣẹ́ kílínà ni mò ń ṣe, wákàtí mẹ́wàá lọ́sẹ̀ nígbà yẹn, torí kò sẹ́ni tó lè bá mi mú àwọn ọmọ níléèwé. Universal Credit, owó ìrànwọ́ tí ìjọba UK ń fún ẹni tówó rẹ̀ kéré, ló ń ràn wá lọ́wọ́. Láti oṣù kẹrin 2020 ni ìjọba ti so iye tí wọ́n lè san lórí owó ilé mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́, odidi ọdún mẹ́rin. Onílé tèmi ò so tiẹ̀ ní tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fi owó kún un.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀: ká ní a to ọgọ́rùn-ún ilé tí wọ́n ń yá èèyàn ládùúgbò kan, ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tówó rẹ̀ kéré jù, ọgbọ̀n àkọ́kọ́ nìkan lowó ìjọba máa ń ká nígbà tí wọ́n bá tún un ṣírò. Kó tó di 2011, ó máa ń ká àádọ́ta. Òun ni wọ́n ń pè ní Local Housing Allowance. Nínú ọgbọ̀n ọ̀hún náà, ẹ lọ wá èyí tí ejẹ́ǹtì máa gbé kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ lé yín lọ́wọ́.

Oṣù kẹrin 2024 pé, wọ́n kéde pé àwọn ti fi kún un. Mo jó! Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo ní Ọlọ́run ti ṣe é. Oṣù parí, mo wo àkáǹtì, kò sí nǹkan kan tó lé. Mo rò pé kọ̀ǹpútà wọn ló ń ṣe wèrè. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ló là mí lọ́yẹ̀: gbèdéke mìíràn tún wà, lórí gbogbo owó tí ìdílé kan lè gbà lọ́wọ́ ìjọba lápapọ̀, 25,323 pọ́n-ùn lọ́dún fún àwa tá a wà ní London. Orí mi ti kan àjà yẹn tipẹ́. Wọ́n gbé àjà kan sókè, wọn ò fọwọ́ kan èkejì.

Àfi tí mo bá ń pa 793 pọ́n-ùn lóṣù, ìyẹn owó iṣẹ́ wákàtí 16 lọ́sẹ̀ lọ́dún náà. Àjà kejì á wá ká kúrò. Mo bẹ máníjà, ó fún mi ní ìdájí, aago márùn-ún. Ìyá kan ará Ghana ní fúláàtì kejì ló ń bá mi wo àwọn ọmọ. Oṣù mẹ́ta, ara tù wá. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ara Táyé gbóná mọ́jú, mi ò lè lọ, ìdájí kan ṣoṣo. Owó oṣù wọlé: 781. Nítorí 12 pọ́n-ùn, wọ́n yọ ohun tó lé ní 300.

Ẹ̀yin ńkọ́?

Àkànní, Manchester

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Ọmọ ọdún 31 ni mí nígbà tí wọ́n dá wa dúró níbi iṣẹ́. Mo ń dá gbé. Wọ́n ní ẹni tí kò tíì pé 35, tí kò láya tí kò lọ́mọ, owó yàrá kan nínú ilé àjọgbé làwọn máa san. Tẹ́lẹ̀, àwọn tí kò tíì pé 25 lọ̀rọ̀ náà kàn, oṣù kìíní 2012 ni wọ́n fà á dé 35. Mo bá kó lọ bá èèyàn mẹ́rin tí mi ò mọ̀ rí. Pẹpẹ kan nínú fíríìjì ni ìpín mi. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi irú se ẹ̀gúsí, wọ́n lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn mi: "Jọ̀ọ́, ó jọ pé nǹkan kú sí kíṣìnì." Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọbẹ̀ ni, kí wọ́n wá tọ́ ọ wò. Ọjọ́ tí mo pé 35, àwọn èèyàn ń pè láti kí mi, èmi wà lórí ìlà, mò ń dúró de Universal Credit.

Ìyá Ṣadé, Dartford

Ẹ má bínú sí mi o, èmi onílé ni. Ilé kan péré, báǹkì ló sì ni ín ju èmi lọ. Nígbà tí èlé gbéra ní 2022, oorun dá lójú mi. Mi ò ní purọ́, mo ti kọ "No DSS" sára ìpolówó rí, ìyẹn ni pé mi ò fẹ́ ẹni tó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba, kí ilé ẹjọ́ kan ní York tó sọ ní 2020 pé kò bófin mu. Obìnrin tí mo wá gbà ń san déédéé ju àwọn oníṣẹ́ gidi tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n owó ìjọba ò ká a, inú owó oúnjẹ ló ti ń yọ 210 kún un. Mo mọ̀, mò ń rí bó ṣe ń rù. Mi ò sì rí ibi tí mo lè dín in kù sí.

Ìyá Ìbejì, Peckham

Ẹ ṣeun, mà, ẹ sòótọ́. Àkànní, o pa mí lẹ́rìn-ín.

Mi ò tíì sọ ti káńsù, ìjọba ìbílẹ̀ wa. Wọ́n ní owó ìrànwọ́ kan fún owó ilé nígbà yẹn, Discretionary Housing Payment. Tó bá wù wọ́n ni wọ́n máa ń fúnni nígbà náà. Ọ̀gbẹ́ni tó ń yẹ ìwé báǹkì mi wò fi bírò sórí 50 pọ́n-ùn tó ń lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan lóṣooṣù. Ta nìyí? Mo ní àjọ ni. Kí ló ń jẹ́ àjọ? Mo ṣàlàyé: a jẹ́ mẹ́wàá, ẹnì kan ń kó lóṣù. Ó ní ṣé mi ò lè dá a dúró ná. Mo ní ọ̀gá, mo ti kó tèmi, òun ni mo fi san dìpósíìtì ilé! Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fún mi.

Oṣù kẹrin 2025, wọ́n tún so Local Housing Allowance mọ́lẹ̀, 793 tí mo gbọ́dọ̀ máa pa lóṣù sì di 846. Wákàtí 18 ni mò ń ṣe báyìí. Méjì tó lé lórí 16 yẹn wà nílẹ̀ de ìgbà tí ara Táyé bá tún gbóná.