Bọ́tà kọ́ ni o: àbá mi ni "àlọ̀pọ̀ kòkó"

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa ní ká máa pe ṣokoléètì rírọ̀ tí àwọn ará Itálì ń pa sí búrẹ́dì ní "bọ́tà ṣokoléètì". Ẹ jọ̀ọ́ sà, n ò fara mọ́ ọn. Inú wàrà ni bọ́tà ti ń wá. Ní ti eléyìí, hazelnut, èso igi kékeré elèèpo líle ti ilẹ̀ òyìnbó, ni wọ́n máa ń yan, tí wọ́n á lọ̀ ọ́ títí òróró ara rẹ̀ á fi jáde, kí wọ́n tó pò ó mọ́ kòkó àti ṣúgà. Òróró yẹn ni kì í jẹ́ kó gan, òórùn yíyan yẹn ló sì ń fa ọmọdé àti àgbà mọ́ra.

Ọ̀wọ́n kòkó ló bí i. Ní ìlú Turin ní Itálì, láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n ti ń fi hazelnut orí òkè Langhe bù kún kòkó. Gianduja ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ aláwàdà tó máa ń jáde nínú ayẹyẹ wọn. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, kòkó tún wọ́n. Ní 1946, Pietro Ferrero, aṣekéèkì kan ní ìlú Alba, ṣe tiẹ̀ ní ìṣù líle tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ gé. Ní 1951 ó di rírọ̀, orúkọ rẹ̀ sì di Supercrema. Michele ọmọ rẹ̀ ló sọ ọ́ di Nutella ní 1964: "nut" ti Gẹ̀ẹ́sì, "-ella" ti Itálì. Nínú gbogbo orúkọ wọ̀nyí, ta ló dárúkọ bọ́tà?

"Ìpara" tí àbúrò wa mú wá ńkọ́? "Pa" àti "ara" ló wà nínú rẹ̀. Òrí àti àdí ló ń mú wá sọ́kàn. "Ìpabúrẹ́dì" tọ́ ní gírámà, àmọ́ ìpànìyàn ni etí mi ń gbọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi mú "àlọ̀pọ̀". A máa ń ní kí ọmọ lọ ata àti tòmátì pọ̀, kò sì sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣàjèjì sí. Ó sọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, ó sì sọ pé nǹkan kan ń gbé èkejì ró.

Orúkọ tí a ó máa pe hazelnut fúnra rẹ̀ ló kù. "Ẹ̀pà òyìnbó" kò tẹ́ mi lọ́rùn, torí abẹ́ ilẹ̀ ni ẹ̀pà ń so. Àsálà sún mọ́ ọn, nítorí èèpo líle tí à ń pa, ṣùgbọ́n ìtàkùn ni àsálà, igi ni hazelnut. Ẹ bá mi wá a.