Ẹ má tíì bú ẹni tó ta op-amp fún yín

Ẹ̀yin ará, ẹ wá bá mi rẹ́rìn-ín ara mi.

Lóṣù tó kọjá, mo jókòó sí yàrá mi ní Agbowó, mò ń ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tí yóò gba sígínà 1 MHz (iná tó ń lọ tó ń bọ̀ nígbà mílíọ̀nù kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), tí yóò sọ ọ́ di ìlọ́po 10. LM318 ni mo lò, op-amp kan, ìyẹn chip kékeré tó ń sọ sígínà di ńlá. Resistor 10 kΩ (èròjà tó ń dín iná kù) ló wà lẹ́nu ọ̀nà, 100 kΩ ló ń dá a padà láti ẹ̀yìn. Lórí ìwé, ó pé pérépéré. Mo tan án, ìlọ́po 5 ni mo rí.

Ta ni mo kọ́kọ́ bú? Ẹni tó tà á fún mi ní Ògùnpa ni. Mo ní ayédèrú ni. Mo ra méjì mìíràn lọ́wọ́ ẹlòmíràn, owó ọkọ̀ lọ, owó ọjà lọ, ìlọ́po 5 náà ló tún dé. Nígbà tó sú mi, mo fa frequency, iye ìgbà tí sígínà ń lọ tó ń bọ̀, wálẹ̀ sí 10 kHz. Ìlọ́po 10 yọ gbangba! Ojú tì mí.

Breadboard, pátákó oníhò tí mo to gbogbo rẹ̀ sí, ni olè àkọ́kọ́. Àwọn ihò tó fẹ̀gbẹ́ kẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí rẹ̀ ń ṣe bíi kapásítọ̀, èròjà tó ń tọ́jú iná díẹ̀. 2 pF péré, tó bá ti fara ti 100 kΩ, láti bíi 800 kHz ló ti ń jẹ gain (ìlọ́po) yín. Mo fi 1 kΩ àti 10 kΩ rọ́pò, mo fi lẹ́ẹ̀dì (solder) jó gbogbo rẹ̀ mọ́ pátákó oníbàbà, ẹsẹ̀ wọn kúrú bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, mo sì fi kapásítọ̀ 0.1 µF ti ẹsẹ̀ iná kọ̀ọ̀kan. Ó di 8.

Méjì tó kù ńkọ́? Ojúkòkòrò tèmi nìyẹn. 15 MHz ni gbogbo agbára LM318: bí ìlọ́po bá ṣe ń pọ̀ sí i ni frequency tó lè gbé ń dín kù. Nínú irú ètò tí mo ṣe yìí, 11 la ó fi pín in, kì í ṣe 10, ó ku bíi 1.4 MHz. 1 MHz ti sún mọ́ etí rẹ̀ jù. Mo pín iṣẹ́ náà fún chip méjì, ìlọ́po 3 àti díẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó lé ní 9. Èyí tí mo fi ìbínú rà wá wúlò.

—

Ẹ̀gbọ́n, tiyín ṣì dáa. Op-amp 741 ni èmi gbé lé 50 kHz, mo ní kó gbé 5 V sókè, 5 V sísàlẹ̀. Sígínà tó yẹ kó tẹ̀ kọrọbọtọ wá ṣe ṣóńṣó bí òrùlé, ó sì kúrú. Kò lè sáré ju bíi 0.5 V lọ nínú microsecond kan; tó bá ti kọjá bíi 16 kHz, kò lè gbé 5 V yẹn délé mọ́. Ìgbà tí mo dín input (sígínà tó ń wọlé) kù ló tó gbọ́ràn.

—

Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi wá gain tó sọnù ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Sángo. Probe (wáyà ìwọnná) ẹnu àbájáde wà lórí ×10, tó ń pín sígínà sí mẹ́wàá, scope (ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán sígínà) ń kà á bíi ×1. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló rí i. Kò sọ nǹkan kan o, ó kàn nàka sí i, ó fọwọ́ bo ẹnu.