Màmá mi ń bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, Natural History Museum ni wọ́n fẹ́ lọ: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Fúnmi (Ẹ̀gbẹ̀, ń gbé ní Lewisham)

Òkun o, gbogbo ilé. Màmá mi ń bọ̀ láti Ẹ̀gbẹ̀ nínú oṣù Kẹwàá, wọ́n fẹ́ wá bá mi tọ́jú ọmọ tuntun. Bàọ́lọ́jì ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà wọn ò tiẹ̀ béèrè ààfin Ọba. Wọ́n ní Natural History Museum, mùsíọ́ọ̀mù ẹranko, eegun àti òkúta, ni kí n mú àwọn lọ. Èmi tí mò ń gbé níbí, inú bọ́ọ̀sì ni mo ti máa ń wò ó kọjá. Orúnkún wọn kò gba ìdúró púpọ̀ mọ́. Ọmọkùnrin mi ọlọ́dún méje náà ní òun á bá wa lọ, bẹ́ẹ̀ dáínósọ̀, àwọn ẹranko ńlá ayé àtijọ́ tó ti pa rẹ́, nìkan ló mọ̀ láyé yìí. Ṣé wọ́n ń gbowó? Ọjọ́ wo ló dáa? Kí la lè rí kó tó rẹ màmá?

Bọ̀dá Jídé (Ìyàrà, ń gbé ní Croydon)

Fúnmi, a kú oríire ọmọ tuntun. Ọ̀fẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó máa gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, àyàfi tí ẹ bá fẹ́ wọ àfihàn àkànṣe, bíi ti fọ́tò ẹranko ìgbẹ́ tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún, ìyẹn ní owó tirẹ̀. Àpótí ọrẹ wà nítòsí ẹnu ọ̀nà, ẹni tó bá wù ló ń ju nǹkan sí i. Ṣùgbọ́n lọ sórí ìkànnì wọn, kí o gba tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ tó ní wákàtí lára. Ẹni tí kò gbà á náà ń wọlé, àmọ́ ó lè tò títí ẹsẹ̀ á fi máa ro ó, ẹsẹ̀ yẹn gan-an lo sì ń ṣọ́.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí, 5:50 ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tì, kò sẹ́ni tó ń wọlé mọ́ lẹ́yìn 5:30. Ọjọ́ 24 sí ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ni wọn kì í ṣí rárá.

Ìparí oṣù Kẹwàá ni kí o sá fún. Ọlidé àárín táàmù máa ń bọ́ síbẹ̀, gbogbo ọmọdé ìlú yìí ló máa ń dé. Mú ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú tí iléèwé ń lọ lọ́wọ́, kí ẹ dé lẹ́yìn aago méjì, nígbà tí àwọn tíṣà bá ti ń kó àwọn ọmọ wọn padà sínú bọ́ọ̀sì.

Fúnmi

Ẹ ṣeun, Bọ̀dá. Àmọ́ tí iléèwé bá ń lọ lọ́wọ́, ọmọ tèmi náà wà ní iléèwé nìyẹn.

Ìyá Tọ̀míwá (Mọ̀pà, ń gbé ní Peckham)

Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí o yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ta kò mí níbí. Ibi tí wọ́n kó dáínósọ̀ sí, ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo èrò ń tò gbà, ó ṣókùnkùn díẹ̀, èèyàn ò lè jókòó. Dáínósọ̀ T. rex ẹlẹ́rọ kan wà níbẹ̀ tó ń mi orí, tó ń bú ramúramù. Ọmọ ọlọ́dún méje á fẹ́ dúró wò ó títí ilẹ̀ á fi ṣú, tàbí kó bú sẹ́kún kó ní ẹ jẹ́ ká máa lọ. Èwo nínú méjèèjì ni orúnkún màmá lè bá yí?

Jẹ́ kí bàbá ọmọ mú un lọ láàárọ̀ Àbámẹ́ta, kí wọ́n ti wà lẹ́nu ọ̀nà kó tó lu mẹ́wàá, kí wọ́n sì kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ dáínósọ̀ lọ kí èrò tó dé. Ìwọ àti màmá, ẹ lọ ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun tiyín.

Bọ̀dá Jídé

Ìyá Tọ̀míwá, màmá tó wá láti Ẹ̀gbẹ̀ ò ní í fẹ́ rí ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀ nígbà tó bá rí eegun ńlá yẹn? Ẹ̀yin náà ẹ wò ó o.

Ìyá Tọ̀míwá

Á rí i nínú fídíò. Fúnmi, gbọ́ ti ọ̀nà. South Kensington ni ẹ máa sọ̀, District, Circle àti Piccadilly ló ń dúró níbẹ̀. Ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ kan wà láti inú ibùdókọ̀ tó lọ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn mùsíọ́ọ̀mù, òjò ò lè pa yín níbẹ̀, àmọ́ ó gùn, kí màmá má kánjú. Káàdì báńkì kan ò gbọdọ̀ ṣí ẹ̀rọ fún ẹni méjì o, kí màmá ní tiwọn lọ́tọ̀, nítorí owó tí wọ́n á gé. Ọmọ rẹ tí kò tíì pé mọ́kànlá kì í sanwó nínú rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ tí àgbà bá wà pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ má gba ẹnu ọ̀nà ńlá tí gbogbo ayé ń ya fọ́tò rẹ̀ ní Cromwell Road. Exhibition Road ni kí ẹ gbà, ó tẹ́jú, kò sí àtẹ̀gùn. Wọ́n ní àga onítáyà tí wọ́n ń yáni lọ́fẹ̀ẹ́. Kọ̀wé sí wọn ṣáájú, kí ẹ má bàa dé kí ẹlòmíì ti gbé e lọ. Màmá á ní àwọn ò fẹ́ jókòó sínú rẹ̀. Gbà á bẹ́ẹ̀, ẹ máa tì í lófìfo, wọ́n á bèèrè rẹ̀ fúnra wọn tó bá yá.

Tí ẹ bá ti gba ibẹ̀ wọlé, dáínósọ̀ kan tó ń jẹ́ Stegosaurus ló máa kọ́kọ́ kí yín, eegun rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé tán. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àtẹ̀gùn oníná tó ń gbé èèyàn gba inú àwòrán ayé ńlá onírin kan kọjá lọ sókè. Lífíìtì wà fún ẹni tí ojú ń yí. Lókè yẹn ni wọ́n ti ṣe ṣọ́ọ̀bù kan tí ilẹ̀ rẹ̀ ń mì, bí ìmìtìtì ilẹ̀ ti Kobe ní Jàpáánù lọ́dún 1995 ṣe mi ṣọ́ọ̀bù. Kí ọmọ gun un, kí màmá máa wò ó látẹ̀yìn.

Ọmọ Ìsánlú (Aberdeen)

Dáínósọ̀, dáínósọ̀. Ẹni tó bá wá láti ilẹ̀ Yàgbà, iyàrá òkúta ló yẹ kó lọ. Òkè ló wà, nínú àwọn àpótí igi àtijọ́ onígíláàsì, ariwo ò sí níbẹ̀ nítorí àwọn ọmọdé kì í dúró. Tantaláìtì, tómálínì, bẹ́rílì, tí wọ́n ń wà láàárín Ẹ̀gbẹ̀ sí Ìsánlú, tí àwọn oníṣòwò ń rà lọ nínú àpò sìmẹ́ńtì, irú wọn ni wọ́n fọ̀ mọ́ síbẹ̀, tí wọ́n kọ orúkọ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tómálínì kan lè pupa lápá kan kó tutù yọ̀yọ̀ lápá kejì. Iyàrá kékeré kan wà lópin rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní The Vault. Wúrà àti òkúta iyebíye wà níbẹ̀, pẹ̀lú òkúta kan tó já láti Mars, tó bọ́ sí Nakhla ní Íjíbítì lọ́dún 1911. Ẹ jẹ́ kí màmá pẹ́ níbẹ̀.

Ṣẹ́gun (Kábà, ń gbé ní Berlin)

Tí ẹnikẹ́ni bá ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, tiwa ní dáínósọ̀ tó ga ju gbogbo èyí tí wọ́n tò dìde lágbàáyé lọ, mítà 13.27. A máa ń sanwó o. Ohun tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé Tendaguru ní Tàǹsáníà ni wọ́n ti wà á, láàárín 1909 sí 1913, nígbà tí Jámánì ń jọba níbẹ̀. Àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ló gbẹ́ ẹ, àwọn náà ló fi orí ru eegun yẹn dé èbúté Lindi, ìrìn ọjọ́ mélòó kan. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà padà lọ gbẹ́ níbẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín tí wọ́n bá dé iwájú eegun.

Àǹtí Rónkẹ́ (Maryland)

Tí màmá bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa lẹ́yìn ìyẹn, ti Washington rọrùn jù. Kò sówó, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á kàn yẹ báàgì wò. Erin ńlá ló wà láàárín gbọ̀ngàn, dáyámọ́ńdì Hope wà lókè. Ti New York ń gbowó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé ní New York, New Jersey tàbí Connecticut lè san iye tó bá wù ú, kó mú ìwé ẹ̀rí ilé rẹ̀ dání.

Bọ̀dá Jídé

Ohun kan kù. Ère Darwin, ẹni tó ṣàlàyé ẹfolúṣọ̀n, pé àwọn ohun abẹ̀mí ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran, ló jókòó lórí àtẹ̀gùn ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù níbẹ̀ o. Fúnmi, ọmọ ìjọ ECWA ni màmá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwàásù láàárín gbọ̀ngàn.

Màmá Fúnmi (Ẹ̀gbẹ̀)

Mò ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń sọ láti àárọ̀, iná wà lónìí. Jídé, mo kọ́ wọn ní ẹfolúṣọ̀n, wọ́n ṣe é ní WAEC, wọ́n yege, mo sì kọ́ Sunday School. Kò sí ìjà níbẹ̀. Ẹ ṣeun lórí ọ̀rọ̀ orúnkún mi tí ẹ ti sọ di ọ̀rọ̀ ìlú.

Ohun tí mo fẹ́ rí ni Archaeopteryx, ẹ̀dá ayé àtijọ́ tó jọ ẹyẹ tó tún jọ alángbá. Pátákó ni mo máa ń yà á sí fún àwọn ọmọ SS3: eyín bíi ti alángbá, ìrù eléegun, ìyẹ́ bíi ti ẹyẹ. Ṣé ojúlówó rẹ̀ wà níbẹ̀, àbí ayédèrú?

Ọmọ Ìsánlú

Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ojúlówó ni. Jámánì ni wọ́n ti rí i lọ́dún 1861, mùsíọ́ọ̀mù rà á lọ́dún 1862. Ó wà nínú iyàrá kan tí wọ́n ń pè ní Treasures, lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn ńlá. Iyàrá kékeré ni, kò ní í fún yín ní wàhálà ìrìn. Tí ẹ bá sún mọ́ gíláàsì, ẹ máa rí ojú ìyẹ́ náà lára òkúta, ó tinrin bí ẹni fi lẹ́ẹ̀dì yà á. Guy náà wà níbẹ̀, ìnàkí ńlá tí wọ́n mú wá láti Kamẹrúùnù, tó gbé nínú ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù láti 1947 títí tó fi kú lọ́dún 1978.

Nígbà tí ẹ bá jáde nínú iyàrá yẹn, ẹ dúró lókè níbẹ̀, kí ẹ wo eegun àbùùbùtán tó so rọ̀ sáàárín gbọ̀ngàn, mítà 25. Òkun ló gbé e wá sétí ilẹ̀ Wexford ní Ireland lọ́dún 1891. Láti ìsàlẹ̀, ikùn rẹ̀ nìkan lèèyàn ń rí. Kí ẹ sì wo ara ilé náà, tó ṣí lọ́dún 1881: àwọn ọ̀bọ alámọ̀ ń gun àwọn ọwọ̀n lọ sókè. Lápá kan ilé, ẹranko tó ṣì wà láàyè ni wọ́n mọ, lápá kejì, àwọn tó ti pa rẹ́.

Màmá Fúnmi

Ó dáa. Ṣé mo lè gbé mọ́ínmọ́ín mi dání? Mi ò lè jẹ oúnjẹ tútù tí wọ́n ń tà níta.

Ìyá Tọ̀míwá

Ẹ lè gbé e, mà. Ẹ kàn má jẹ ẹ́ láàárín àwọn eegun. Ọgbà wà níta tí ẹ lè jókòó sí, tí òtútù ò bá mú. Báàgì kékeré ni kí ẹ gbé, kì í ṣe àpótí onítáyà.

Fúnmi

Ẹ kú àdúrótì, gbogbo yín. Mo ti gba tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago méjì, fún èmi àti màmá. Bàbá ọmọ ló máa mú ọmọ lọ ní Àbámẹ́ta.

Màmá Fúnmi

Èmi náà á tẹ̀ lé wọn lọ ní Àbámẹ́ta. Ta ni kó máa ṣàlàyé fún ọmọ mi, bàbá rẹ̀ tó ka àkáǹtì?

Ìyá Tọ̀míwá

Fúnmi, ọjọ́ méjèèjì ni kí o bá wọn sọ̀rọ̀ àga onítáyà o.