Mílìn CNC tòkunbọ̀ mi, ọpọlọ ẹ̀ ti kú àmọ́ irin ẹ̀ ṣì le. Ṣé kí n fi LinuxCNC sí i?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ (Ìbàdàn):
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ra Bridgeport Interact kan, mílìn tó ń gé irin tí kọ̀ǹpútà ń darí, lọ́dún tó kọjá, tòkunbọ̀ láti Ìlú Ọba, Heidenhain TNC 151, kọ̀ǹpútà ara ẹ̀, ló ń darí ẹ̀, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa. Ẹni tó tà á fún mi tàn án lójú mi, gbogbo ẹ̀ ń lọ, mo sanwó, a fi kireni gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù. Kò tíì pé oṣù kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kí n pààrọ̀ bátìrì, mo wá pa máṣíìnì kí n tó pààrọ̀ ẹ̀, àṣé ìyẹn gan-an ni àṣìṣe mi, gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀ pa rẹ́. Kí n tó rí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ojú sìkíríìnì náà ti ṣókùnkùn pátápátá. Mo pe ẹni tó tà á, ó ní irin lòun tà, òun ò ta kọ̀ǹpútà.

Irin yẹn dáa ṣá. Mo fi dial gauge wọn X àti Y (ọ̀nà méjì tí table ń gbà rìn), àlàfo ibẹ̀ ò ju 0.02 mm lọ. Mọ́ọ̀dù ike ni mo ń gé jù, pẹ̀lú gíà àti àwọn flange. Ọmọ iṣẹ́ mi ló fi LinuxCNC, ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí máṣíìnì, hàn mí lórí YouTube, ó lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Ṣé kí n yọ àwọn motor àtijọ́ yẹn kí n fi stepper tuntun (motor tó ń rìn ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀) sí i, àbí kí n fi wọ́n sílẹ̀? Irú kọ̀ǹpútà wo ni kí n rà? Iná ńkọ́, torí three-phase àdúgbò wa, ẹsẹ̀ kan kì í sábà sí níbẹ̀. Owó ò sí o, ẹ má sọ pé kí n lọ ra tuntun.

Baba Léèdì:
Ọmọ mi, o kú ìnáwó. Já gbogbo wáyà yẹn dànù, fi handle sí i, kí o máa fọwọ́ yí i. Mo ti ń gé gíà kí ẹ tó bí Linux yín, mi ò sì gba nǹkan ọ̀fẹ́ gbọ́.

Kóòdù Kékeré:
Bàbá ẹ má bínú, kì í ṣe nǹkan tí ọmọdé kan jókòó kọ ní yàrá o, NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìwọ̀n, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láwọn ọdún 1990, EMC lorúkọ ẹ̀ nígbà yẹn. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n, GRBL, ètò kékeré tó ń darí máṣíìnì, lórí Arduino Uno, pátákó kọ̀ǹpútà kékeré, ni kí ẹ lò, ó pọ́ọ́kú, òun ni mo fi sórí máṣíìnì igi tèmi, ó ń ṣiṣẹ́ bí idán.

Ẹ̀gbọ́n Leicester:
Ìlú tí mo wà yìí ni wọ́n ti ṣe máṣíìnì yẹn, àbúrò, mo sì ti bá ọ̀rẹ́ mi kan tú irú ẹ̀ palẹ̀, nítorí náà jẹ́ n rojọ́ díẹ̀. Kóòdù, GRBL dáa fún igi, àmọ́ Uno ò lè rán ju nǹkan bí 30,000 pulse (àmì iná kékeré) lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì mọ ibi tí table wà, ó kàn ń rán pulse ni, ó ń gbàdúrà kó dé. Servo ló wà lára máṣíìnì yìí, tí encoder ń sọ fún un níbi tó dé gan-an. Kí lo fẹ́ fi ẹṣin pààrọ̀ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sí?

Má yọ motor kankan. Ọpọlọ nìkan ló kú. Àwọn DC servo yẹn pẹ̀lú drive wọn (àpótí tó ń fún motor níná), bí wọ́n bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ±10 volt ni wọ́n ń gbọ́ràn sí, káàdì Mesa 7i97 sì ní ojú mẹ́fà tó ń gbé ±10 volt jáde, ó ní ojú mẹ́fà fún encoder, okùn Ethernet ló fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Ó lé ní 200 dọ́là, láìka owó ọkọ̀. Àmọ́ má tíì ra nǹkan kan. Kọ́kọ́ mọ̀ bóyá drive wà láàyè. Gbé table sí àárín gbùngbùn, jẹ́ kí ẹnì kan di ọwọ́ mọ́ bọ́tìnnì emergency, fún drive ní enable (àṣẹ pé kó ṣiṣẹ́), wá fi bátìrì ọwọ́, èyí tó jẹ́ 1.5 volt, kan ibi tí àṣẹ ń gbà wọlé. Table gbọ́dọ̀ rìn jẹ́jẹ́ sápá kan. Yí bátìrì padà, kó gba apá kejì lọ. Yọ ọ́, kó dúró. Ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan, X, Y, Z.

Ohun kan wà tó máa ń gba ènìyàn lówó: scale Heidenhain ayé ìgbà yẹn (ọ̀pá tó ń wọn ibi tí table dé), ọ̀pọ̀ wọn iná kékeré, 11 microamp, ni wọ́n ń rán jáde, Mesa ò sì gbọ́ èdè yẹn. Yálà kí o wá àpótí EXE tó máa sọ ọ́ di TTL (àmì iná tí Mesa ń gbọ́), tàbí kí o gbé encoder tuntun sí ìdí motor. Èmi fara mọ́ EXE, torí ara table gan-an ni scale ń wò, tí screw bá jẹ díẹ̀ lọ́la yóò ṣì mọ̀.

Kọ̀ǹpútà: má lo laptop. Dell Optiplex àlòkù ní Computer Village ti tó, èyí tí network ẹ̀ jẹ́ Intel, tẹ latency-test (ètò tó ń wò bóyá kọ̀ǹpútà ń pẹ́ kó tó dáhùn), kí o máa wo fídíò lórí ẹ̀ lákòókò kan náà bíi wákàtí kan kí o fi dán an wò.

Sísí Wáyà (Èkó):
Ẹ̀gbọ́n Leicester ti sọ gbogbo ẹ̀, tèmi kàn ni iná. Ẹ wo nameplate motor spindle yẹn (èyí tó ń yí irin agégé), tó bá kọ 240/415, ẹ lè so ó ní delta (ọ̀nà ìsowáyà fún 240 volt) kí ẹ fi VFD tó ń gba ẹsẹ̀ iná kan, tó ń sọ ọ́ di mẹ́ta, bọ́ ọ. Tó bá jẹ́ motor ìyára méjì, ẹ má dán an wò, ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò inú àpótí ẹ̀ wá. Ẹ ò sì gbọdọ̀ fi VFD yẹn bọ́ servo drive tàbí kọ̀ǹpútà o, ẹ máa jó nǹkan. Emergency, ẹ jẹ́ kó gba inú relay gidi tó ń gé iná drive, ẹ má fi sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà nìkan. Tí okùn Ethernet bá já, watchdog Mesa (ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀) máa pa ohun tó ń gbé jáde, àmọ́ ẹ̀mí àti ìka ọwọ́ kò ní ẹ̀dà.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ (Ìbàdàn):
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ṣe ti bátìrì yẹn lónìí. X gbọ́ràn, Y gbọ́ràn, inú mi dùn, ọmọ iṣẹ́ mi ń jó. Ni mo bá kan Z, ó sá! Ó sáré lọ sókè bí ẹni tí ajá ń lé, a tẹ emergency kó tó kan òkè. Ṣé drive Z ti bàjẹ́ nìyẹn?

Baba Léèdì:
Mo sọ fún ẹ.

Sísí Wáyà (Èkó):
Kò dájú pé drive ló bàjẹ́, ó jọ ti tacho sí mi. Tacho ló ń sọ fún drive pé motor ti ń yára tó báyìí, tí drive ò bá gbọ́ nǹkan kan, ó rò pé motor ò tíì rìn, ó á máa ti iná mọ́ ọn. Ẹ pa iná, ẹ tú wáyà tacho nídìí drive, ẹ gbé mítà lé e, kí ẹ fọwọ́ yí motor. Volt gbọ́dọ̀ jáde. Tó bá jáde, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti so ó sódì. Tí kò bá jáde rárá, wáyà ti já níbì kan tàbí brush ti tán.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ (Ìbàdàn):
Eku! Sísí, eku ló jẹ wáyà yẹn jẹ nínú páìpù rọ́bà tó gba ẹ̀yìn lọ. Mo ti fi wáyà tuntun sí i, oníbòrí, mo kan bátìrì, Z rìn bí ìyàwó tuntun. Mo ti ní kí ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà bá mi ra 7i97. Ẹ̀gbọ́n Leicester, PID yẹn, àwọn nọ́ńbà tó ń tún ìrìn motor ṣe, ni mo ń bẹ̀rù.

Ẹ̀gbọ́n Leicester:
Kò le. P, I, D àti FF1, nọ́ńbà tí o máa tẹ̀ sí LinuxCNC ni wọ́n. Fi P kékeré bẹ̀rẹ̀, gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí table yóò fi fẹ́ máa gbọ̀n, dín in kù, lẹ́yìn náà fi FF1 sí 1, máa wo following error (ìyàtọ̀ láàárín ibi tí a ní kó wà àti ibi tó wà) nínú Halscope, ètò LinuxCNC tó ń ya àwòrán ẹ̀. I àti D, fi wọ́n sílẹ̀ ná. Àmọ́ kọ́kọ́ ya fọ́tò lébù tó wà lára scale mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún mi, kí n mọ̀ bóyá EXE la máa wá tàbí a ò ní wá a. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́, màá wò ó lálẹ́.