Omi inú ọ̀rá wa ń jò, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń fi mí sílẹ̀

Olùbéèrè, Ìbàdàn: Mo kí gbogbo ẹ̀yin ará. Iléeṣẹ́ omi inú ọ̀rá ni mo ní, nọ́ńbà NAFDAC sì wà lára ọ̀rá wa. Láti ìgbà tí mo ti ra ẹ̀rọ tuntun tí ó ń rọ omi, tí ó sì ń lẹ ọ̀rá pọ̀ fúnra rẹ̀, ni àwọn oníbàárà ti ń dá àpò tí ó ń jò padà. Àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí kò fẹ́ ṣiṣẹ́: bí mo bá kọ́ wọn tán, wọn a lọ gun ọ̀kadà. Ọmọ àbúrò ìyàwó mi, tí mo fún ní yàrá, lọ láì dágbére. Ṣé kí n ta ẹ̀rọ náà ni?

Ìyá Oníbúrẹ́dì: Ẹ má tà á, sà. Nígbà tí a ra ẹ̀rọ ìpo-ìyẹ̀fun, àwọn òṣìṣẹ́ wa rò pé a fẹ́ fi lé wọn lọ ni, wọ́n sì ń ba ìyẹ̀fun jẹ́ títí ọkọ mi fi pè wọ́n jókòó.

Ẹlẹ́rọ: Ibo ni ó ti ń jò? Bí iná bá lọ sílẹ̀, irin tí ó ń lẹ ọ̀rá kò ní gbóná tó; bí ó bá sì gbóná jù, yóò jó ọ̀rá náà. Ṣé ẹ ní sítábíláísà? Ṣé ọ̀rá àtẹ̀yìnwá ni ẹ ṣì ń lò?

Akọ̀wé: Ẹ yé pe ọmọ ọlọ́mọ ní ọ̀lẹ. Báwo ni ẹ ṣe ń sanwó fún wọn?

Olùbéèrè: Iye àpò tí wọ́n bá ṣe ni mo fi ń san án, bí gbogbo ènìyàn ti ń ṣe. Sítábíláísà wà. Ìsàlẹ̀ ọ̀rá ni ó ti ń jò. Ẹni tí ó ń tẹ ọ̀rá fún wa nìkan ni mo yí padà, nítorí pé ọ̀rá ti ẹni tuntun náà fẹ́lẹ́ díẹ̀, kílò kan sì ń ṣe àpò púpọ̀ sí i.

Ẹlẹ́rọ: Ẹ̀n-ẹ́n! Ooru tí ó bá ọ̀rá tí ó nípọn mu ni ó ń jó ti fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa fọwọ́ tẹ ọ̀rá mélòó kan wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Oníbúrẹ́dì: Ẹni tí ó ń ṣọ́ ẹ̀rọ ni ó yẹ kí ó ti rí i.

Olùbéèrè: Ọmọ náà sọ ọ́, mo pè é ní àwáwí, nítorí pé mo máa ń yọ owó àpò tí ó bá jò kúrò nínú owó wọn. Bí n kò bá yọ ọ́, ta ni yóò ṣọ́ra?

Akọ̀wé: Ìdí tí wọ́n fi ń lọ nìyẹn. Ẹni tí ẹ óò gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ọ̀rá tí ẹ fúnra yín rà yóò fi èyí tí ó jò pa mọ́ sáàárín èyí tí ó dára, oníbàárà ni yóò sì rí i. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó bá rí jíjò lè dá ẹ̀rọ dúró láì pàdánù owó. Ṣé nọ́ńbà ọmọ náà wà lọ́wọ́ yín?

Olùbéèrè: Ó wà, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ni yóò pè é. Màá dín ooru náà kù lọ́la. Ní ti owó yíyọ, mo ṣì ń rò ó.