Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n lọ dúró ti ẹ̀rọ ní Ítálì nígbà tí wọ́n bá ń tẹ ìwé fọ́tò mi?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ẹgbẹ́. Òṣogbo ni mo wà, fọ́tò yíyà niṣẹ́ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ya àwọn ìyá aláró àti igbó Ọ̀ṣun, iṣẹ́ náà sì ti di ìwé báyìí: ojú ewé 160, fọ́tò ló kún un, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ̀dà 500 ni mo fẹ́ tẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Verona, ní Ítálì, ti sọ iye tí wọ́n máa gbà, apá mi sì ká a.

Wọ́n ní kò pọn dandan kí n wá, pé àwọn á fi prúùfù (àpẹẹrẹ tí mo máa yẹ̀ wò kí wọ́n tó tẹ ìwé) ránṣẹ́, tí mo bá ti fọwọ́ sí i, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ tó bá wù mí kí n wá, àyè wà fún mi nídìí ẹ̀rọ. Físà, ọkọ̀ òfuurufú àti hòtẹ́ẹ̀lì tí mo ṣírò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ẹ̀dà 150. Ọkọ mi ní fàájì ni mò ń wá kiri. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kàlẹ́ńdà tí ilé iṣẹ́ kan tẹ̀ fún mi. Aró inú rẹ̀ di elésè àlùkò, ojú àwọn ìyá yẹn sì di àwọ̀ eérú. Àlejò kan tó rí i lára ògiri bi mí bóyá ara wọn kò yá ni.

Ẹ dákun, ṣé kí n lọ àbí kí n jókòó?

Bàbá Ìtẹ̀wé: Àbúrò, ẹ kú iṣẹ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ lọ ṣe, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń dé ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n á kàn máa wòran.

Àwọ̀ mẹ́rin ni ẹ̀rọ fi ń tẹ fọ́tò: cyan (búlúù tó mọ́lẹ̀), magenta (pupa tó fẹ́ jọ àlùkò), yẹ́lò àti dúdú. Aró kò sí níbẹ̀. Cyan àti magenta la máa ń pò pọ̀ láti fi rí i, magenta tó bá sì fi díẹ̀ pọ̀ jù, elésè àlùkò ti dé nìyẹn. Ó jọ pé ohun tó ṣe kàlẹ́ńdà yín nìyẹn.

Ojú ewé 16 ló sábà máa ń wà lórí pépà ńlá kan, mẹ́jọ níwájú, mẹ́jọ lẹ́yìn. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, pépà mẹ́wàá ni ìwé yín, ojú ogún lẹ máa fọwọ́ sí. Ẹni tó ń wa ẹ̀rọ lè bu ínkì kún un tàbí kó dín in kù, àmọ́ kò lè ṣe é fún fọ́tò kan ṣoṣo. Gbogbo fọ́tò tó bá wà lórí ìlà kan náà, látòkè pépà dé ìsàlẹ̀, ló máa pín nínú ẹ̀. Ká ní ẹ ní kó dín magenta kù nítorí aṣọ aró. Tí ojú ìyá kan bá wà nísàlẹ̀ aṣọ yẹn, ojú ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ewé. Ẹ̀yin lẹ máa yan èyí tẹ́ ẹ máa fi sílẹ̀ nítorí èkejì. Kò sẹ́ni tó lè bá yín yàn án lórí fóònù.

Ẹ tètè sùn nígbà tí àyè bá wà o. Wọ́n lè pè yín ní aago méjì òru pé pépà tó kàn ti wà lórí tábìlì.

Ọmọ Òròkí l'Ékòó: Bàbá, ẹ má bínú, èmi kò fara mọ́ ọn. Fáìlì tí kò dáa, kò sí ẹ̀rọ tó lè tún un ṣe. Àǹtí, ẹ fi díẹ̀ nínú owó yẹn san prúùfù tí wọ́n fi ẹ̀rọ ńlá náà tẹ̀, lórí pépà tí wọ́n máa fi ṣe ìwé gan-an. Ẹ kó àwọn tó le jù síbẹ̀: aró tó ṣú, ojú tó dúdú, òjìji inú igbó. Kẹ́ ẹ tó ṣe ìyẹn, ẹ gba ICC profile lọ́wọ́ wọn, ìyẹn fáìlì tó ń sọ bí àwọ̀ ṣe máa rí lórí ẹ̀rọ àti pépà wọn, òun ni kí ẹ fi yí fọ́tò yín kúrò ní RGB, àwọ̀ ti kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà, sí àwọ̀ mẹ́rin ti ẹ̀rọ. Pépà dídán ní tirẹ̀, èyí tí kò dán ní tirẹ̀. Tó bá dáa, ẹ jókòó sí Òṣogbo, kí ẹ tẹ ẹ̀dà 150 yẹn kún un.

Ìyá Aláró: Ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́. Mi ò mọ ẹ̀rọ o. Aṣọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò, a kì í fi tútù rẹ̀ dájọ́, tó bá gbẹ á ṣí. Ṣé ínkì kì í ṣe bẹ́ẹ̀?

Bàbá Ìtẹ̀wé: Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, ìyá. Lórí pépà tí kò dán, ínkì tútù á jinlẹ̀, tó bá gbẹ á wálẹ̀. Àbúrò, abẹ́ iná funfun 5000 K (òdiwọ̀n àwọ̀ iná) tó wà lókè tábìlì wọn ni kí ẹ ti wò ó, kì í ṣe lójú fèrèsé. Kí ẹ sì gé díẹ̀ lára àdìrẹ tẹ́ ẹ yà gan-an dání, kí ẹ tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pépà. Ará Verona ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n á rí i.

Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì: Físà Schengen, ti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan, ni. €90 fún àgbàlagbà láti oṣù kẹfà ọdún 2024, wọn kì í dá a padà tí wọ́n bá kọ̀. Ẹ máa nílò ìnṣọ́ránsì ìlera tó lè san ó kéré tán €30,000 tí àìsàn bá ṣe yín. Ilé ìtẹ̀wé gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà ìkésíni, kí ọjọ́ iṣẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ 15 ni òfin wọn wí pé kí wọ́n fi dáhùn, ó lè di 45, ẹ̀rọ kò sì ní dúró de físà. Láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò lẹ ti lè fi ìwé sílẹ̀.

Báwo ni ìwé náà ṣe tóbi tó? Ẹ má rò pé inú àpò lẹ máa gbé e bọ̀.

Ẹni tó béèrè: 24 × 30 sẹ̀ǹtímítà, pépà 150 gíráàmù ní mítà onígun mẹ́rin kan.

Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì: Ewé inú ìwé kan nìkan ti jẹ́ 864 gíráàmù, a ò tíì ka èèpo tó le. Gbogbo rẹ̀ á lé ní ìdajì tọ́ọ̀nù. Ọkọ̀ ojú omi. Owó aṣọ́bodè (import duty) kò sí lórí ìwé, àmọ́ èbúté á gba tiẹ̀. Ẹ sì gba ISBN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé, lọ́wọ́ National Library kí fáìlì tó lọ.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun gan-an, Ọ̀ṣun á gbè yín. Mo ti kọ sí wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ prúùfù sórí pépà ìwé gan-an. Mo tún béèrè bóyá wọ́n lè tò ó kí gbogbo pépà tí aró wà nínú rẹ̀ tẹ̀ léra, kó lè jẹ́ pé ìyẹn nìkan ni màá lọ dúró tì. Bùrọ̀dá Ọmọ Òròkí, ṣé ẹ lè bá mi wo fọ́tò díẹ̀ tí mo bá ti yí wọn tán?

Ọmọ Òròkí l'Ékòó: Ẹ fi ránṣẹ́, Àǹtí. TIFF, irú fáìlì fọ́tò tí kì í ba àwòrán jẹ́, ni o, íméèlì ni kí ẹ sì gbà. WhatsApp á fún un pọ̀.