Dì í, jó o, gé e: èsì sí àtòjọ ọ̀rọ̀ fún yíya àwòrán nínú Inkscape

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àpérò o.

Mo ti ka àtòjọ tí ẹ̀gbọ́n wa ará Ìbàdàn fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, mo sì ti ka èsì tí àbúrò wa tó ń gbé ní Houston kọ sí i. Kí n tó ta kò wọ́n, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́, nítorí ogójì ọ̀rọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sán kan. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé: ohun tí à ń jà lé lórí ni orúkọ tí a ó máa pe àwọn iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ inú Inkscape fún ẹni tó ń kọ́ ọ ní Yorùbá. Ohun èlò kọ̀ǹpútà fún yíya àwòrán ni Inkscape, ọ̀fẹ́ ni, ọdún 2003 ló yapa kúrò lára òmíràn tó ń jẹ́ Sodipodi, SVG sì ni fáìlì tó ń tọ́jú iṣẹ́ sí. Ẹ̀gbọ́n dábàá "ìṣọ̀kan" fún Union (sísọ àwòrán méjì di ọ̀kan), "àyọkúrò" fún Difference (fífi ọ̀kan gé òmíràn), "ọ̀nà" fún Path (ilà tí àwòrán ń tọ̀), "kókó" fún Node (ojú ibi tí ilà náà ti ń yí), "ìṣẹ́tí" fún Stroke (àwọ̀ tó ń tọ ilà náà). Àbúrò ní "ipa" ló yẹ Path, "oríkèé" ló yẹ Node, ó sì ní kí a fi Union àti Difference sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Èmi ò fara mọ́ ẹ̀gbọ́n lórí méjì àkọ́kọ́, n ò sì fara mọ́ àbúrò pé ká fi wọ́n sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró sí. Ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ mẹ́fà ní gbogbo Sátidé. CorelDRAW, ohun èlò àwòrán mìíràn, ni ọ̀gá wọn ń lò. Inkscape ni mo fi ń kọ́ wọn nítorí pé a kì í rà á. Kò sí ìkankan nínú wọn tó gbọ́ "èdè-ìperí", ìyẹn ọ̀rọ̀ pàtó fún iṣẹ́ kan, rí láyé, ṣùgbọ́n bí mo bá ti lo ọ̀rọ̀ tí kò bá iṣẹ́ mu, ojú wọn ni mo ti máa ń rí i.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo máa ń fún wọn ni oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. O máa di Ctrl mú, wàá fa róbótó kan. Ctrl yẹn ló ń bá ọ mú un kó má rí bí ẹyin. O tẹ Ctrl+D, ẹ̀dà rẹ̀ á jókòó lé e lórí gẹ́lẹ́, débi pé o ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀. O fa ẹ̀dà náà sọ́tùn-ún díẹ̀, o yan méjèèjì, o wá tẹ Ctrl pẹ̀lú àmì ìyọkúrò. Oṣù yọ. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n dán wọn wò. Mo ní, "Ẹ ṣe àyọkúrò." Ọ̀kan nínú wọn dáwọ́ dúró, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èwo la fẹ́ yọ kúrò lára èwo?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ni àríyànjiyàn mi. Nínú Inkscape, èyí tó wà lókè ni ọ̀bẹ, èyí tó wà nísàlẹ̀ ni ẹran. Èyíkéyìí tó wù ọ́ ni kí o kọ́kọ́ yàn, kò yí i padà. Nínú CorelDRAW ńkọ́? Bí o bá ń yàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí o yàn gbẹ̀yìn ni ọ̀bẹ máa bà. "Àyọkúrò" kò sọ ọ̀kankan nínú èyí. Ti ìṣirò ilé ìwé ni, níbi tí mẹ́wàá ti yọ mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò sì bèèrè ìbéèrè. Ó dùn mọ́ mi fún ìṣẹ́jú kan láti lọ bá nọ́ńbà Yorùbá fúnra rẹ̀, torí ẹ́rìndínlógún ti sọ tiẹ̀ tán: mẹ́rin ló dín, ogún ló dín in lára. Ṣé ká wá ní "òkè-dín-ìsàlẹ̀"? Mo sọ ọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan, mo rẹ́rìn-ín, mo fi í sílẹ̀. Iye la máa ń dín. Ohun tó ní ara, gígé là ń gé e. "Fi tòkè gé e": ọ̀rọ̀ mẹ́rin, ọmọ náà kò tún bi mí ní nǹkan kan.

Ó wá ku Union. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, "ìṣọ̀kan" kò ṣeé lò, àléébù rẹ̀ sì wà nínú gírámà kó tó dé ibi ìtumọ̀. A lè sọ fún àwọn èèyàn pé "ẹ ṣọ̀kan". A ò lè mú nǹkan méjì ká "ṣọ̀kan wọn". Ọ̀rọ̀-ìṣe náà kò gba àbọ̀. Bọ́tìnì sì rèé, àṣẹ ló ń pa: mú èyí, ṣe báyìí sí i. Bí ẹ bá fún mi ní ọ̀rọ̀-ìṣe tó gba àbọ̀, mo lè fi ì- tàbí à- ṣe ọ̀rọ̀-orúkọ lára rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ kọ ìwé: gé, ìgé, jó pọ̀, ìjópọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti inú ọ̀rọ̀-orúkọ bẹ̀rẹ̀, ẹ lè dé ìdí rẹ̀ kí ẹ má bá ìṣe tó wúlò níbẹ̀. "Sọ wọ́n dọ̀kan" gba àbọ̀ lóòótọ́, kò sì burú. Ó kàn gùn lẹ́nu ni.

Ohun tí mo fẹ́ ni "jó pọ̀". CorelDRAW fúnra rẹ̀, Weld ló pè é, àwọn ọmọ Ṣómólú sì ti ń wí pé "wẹ́ẹ̀dì ẹ" kí n tó débẹ̀. Iṣẹ́ wẹ́dà ni lóòótọ́: irin méjì wọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọ̀kan jáde, ojú àpá nìkan ló mọ ibi tí wọ́n ti pàdé. Nínú Inkscape, àpá pàápàá kì í sí. Ilà tó wà láàárín àwọn méjèèjì á pòórá, etí òde nìkan ló máa kù, bí àwọ̀ wọn bá sì yàtọ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀kan ni wọn yóò jọ ní. Àbúrò á ní "jó" tún ni ijó, ó tún ni iná. Mo gbà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́, ẹnì kan ní, "Ṣé ká dáná sun ún ni?" A rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tó gbàgbé ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Ìdí mìíràn tí mo fi ń takú lórí rẹ̀ ni pé Group wà nítòsí, òun ló sì ń da àwọn ọ̀dọ́ láàmú jù. Group kò jó nǹkan kan pọ̀. Ó kàn ń dì wọ́n bí a ṣe ń di igi ìdáná, kí o lè gbé wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Bó o bá tú u, igi kọ̀ọ̀kan ṣì wà bó ṣe wà, pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀. Nítorí náà "dì" àti "tú" fún Group àti Ungroup, "jó pọ̀" fún Union. Bí ẹ bá pe Union ní ìṣọ̀kan, kí lẹ fẹ́ pe Group? (Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa: ìṣọ̀kan tí wọ́n ń sọ nípa Nàìjíríà, Group ni. Ẹni tó bá ń wá Union níbẹ̀ á pẹ́ kó tó rí i.)

Lórí Path, mo tẹ̀ lé àbúrò. Ẹ̀gbọ́n ní "ọ̀nà" ni ìtumọ̀ rẹ̀ tààrà. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ ọnà, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tẹ Yorùbá lórí fóònù kì í fi àmì sí i, ọ̀nà àti ọnà máa wọ aṣọ kan náà, "ona", wọ́n á sì máa gba ipò ara wọn. "Ipa" ni ohun tí ẹsẹ̀ tàbí gègé fi sílẹ̀ lẹ́yìn. Ìyẹn sì bá iṣẹ́ náà mu jù. Ẹ wò ó: onígun mẹ́rin tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ fà ṣì mọ orúkọ ara rẹ̀. Nínú fáìlì, nọ́ńbà ibi tó wà, ìbú rẹ̀ àti gíga rẹ̀ ló wà níbẹ̀, o sì lè fa àmì kékeré tó wà ní igun rẹ̀ kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yí róbó lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ Shift+Ctrl+C báyìí. Ó ti gbàgbé pé onígun mẹ́rin ni òun. Ipa ló kù, igun kọ̀ọ̀kan sì wà lọ́wọ́ rẹ láti fà síbi tó bá wù ọ́. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé, "Ẹ sọ ọ́ di ipa," wọ́n sì mọ̀ pé kò sí pípadà àfi Ctrl+Z.

Node: oríkèé, láìsí àní-àní. Kókó le, kì í tẹ̀. Oríkèé ni ibi tí apá ti ń ká.

Ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì dá lábàá ni ti ọwọ́ méjì kéékèèké tó máa ń yọ lára oríkèé nígbà tí ilà bá tẹ̀, èyí tí à ń fà kí títẹ̀ náà lè pọ̀ tàbí kó dín. Mo dábàá "èèkù". A kúkú mọ̀ pé bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ibi tí a ti ń di nǹkan mú láti darí rẹ̀ ni. Bí èèkù bá gùn, ilà á tẹ̀ jìnnà kó tó padà. Bí o bá tì í wọnú oríkèé pátápátá, ilà náà á dé pẹ̀lú igun ṣóńṣó. Ní ti ilà náà fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi orúkọ Bézier sílẹ̀ bó ṣe wà. Pierre Bézier, onímọ̀ ẹ̀rọ ní Renault, ló polongo rẹ̀ láàárín ọdún 1960 sí 1970, ara mọ́tò ni wọ́n fi ń ya. Paul de Casteljau ti ṣe ìṣirò rẹ̀ ní Citroën láti 1959, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó sọ̀rọ̀ síta ló gba orúkọ. Kí ẹ̀yin tó ní ọ̀rọ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ yín tí ẹ ò fi ránṣẹ́ síbí ronú sí i. Ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá dára létí, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ló wà lẹ́nu ọjà.

"Ìṣẹ́tí" fún Stroke wù mí, torí ti télọ̀ ni. Àmọ́ télọ̀ tó ń ṣẹ́tí aṣọ, inú ló ń ká a sí. Stroke kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Orí ipa ló jókòó sí, ìdajì rẹ̀ lóde, ìdajì rẹ̀ nínú. Bí o bá fi ilà tó nípọn mẹ́wàá yí lẹ́tà ká, márùn-ún á jẹ ara lẹ́tà náà. Ẹnì kan nínú àwọn ọmọ mi fi funfun ṣe irú rẹ̀ sára orúkọ oníbàárà kan fún káàdì ìgbéyàwó, orúkọ náà sì rù hangogo bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn. Nítorí náà "etí" lásán ni mo ń wí: "fún un ní etí", "etí rẹ̀ nípọn jù". Fill ni "inú": "kun inú rẹ̀".

Ẹ jẹ́ ká lọ síbi Blur, èyí tí kì í jẹ́ kí etí àwòrán hàn ketekete. Ẹ̀gbọ́n ní "bàìbàì", àbúrò ní "kùrukùru". Bàìbàì, ojú ló ń ṣe é. Kùrukùru, iwájú nǹkan ló máa ń dúró sí. Nígbà tí à ń ṣe òjìji lọ́wọ́, a dá ẹ̀dà, a kùn ún ní dúdú, a tẹ Page Down kó lọ sábẹ́ èyí tó ni í, a tì í sísàlẹ̀ díẹ̀, a wá fa Blur lọ bíi márùn-ún. Ọmọ tó kéré jù níbẹ̀ wo ojú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Etí ẹ̀ ti yọ́ bí òrí tí wọ́n gbé sí oòrùn." Kò sí ohun tí mo fẹ́ fi kún un. "Yọ́ ọ" ni Blur. Ohun tó wà láàárín kì í yí padà tó bẹ́ẹ̀. Etí ló ń yọ́.

Opacity, ẹ wo inú ìkòkò. Ọbẹ̀ tó ki, o ò lè rí ìsàlẹ̀ àwo; èyí tó ṣàn, wàá rí i. "Jẹ́ kó ki sí i", "dín kíki rẹ̀ kù sí àádọ́ta". Bó bá dé òdo, a ò ní rí i mọ́, àmọ́ ó ṣì wà níbẹ̀, o ṣì lè ṣèèṣì yàn án.

"Òjìji" tí ẹ̀gbọ́n fún Clone, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á padà. Òjìji gidi ti gbà á. Ẹ̀dà tí Alt+D ń ṣe máa ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀: bí ìyá bá ṣe pupa, òun náà á pupa. "Ọmọlẹ́yìn" ni mo ń pè é.

Gradient, àwọ̀ tó ń yí díẹ̀díẹ̀ di òmíràn, ni kò jẹ́ kí n sùn. Mo ti lo "ṣá" fún un, torí ọ̀rọ̀ aṣọ ni, a sì mọ bí àwọ̀ ṣe ń ṣá láti ibi kan lọ síbi kejì. Ṣùgbọ́n oníbàárà kan gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ iṣẹ́, ó ní, "Ẹ fẹ́ fi àwọ̀ tó ti ṣá ṣe pátákó fún mi?" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba owó rẹ̀ padà. Sátidé tó ń bọ̀ ni a máa kun ojú ọ̀run sẹ́yìn oṣù tí a gé yẹn, láti dúdú aró wá sí osùn nísàlẹ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tí kò ní lé oníbàárà lọ, kó tètè fi ránṣẹ́ kó tó di alẹ́ Jímọ̀.